Ìtò Lẹ́tà Kíbọ́ọ̀dù ní Titirou

Ìtò lẹ́tà ni ìlànà inú kọ̀ǹpútà tí ó ń pinnu lẹ́tà tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan yóò kọ. Ní Titirou, àdúgbò kan ní Parakou, olú ìlú ẹ̀ka Borgou, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí jákèjádò ilẹ̀ Benin, ìtò AZERTY tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Faransé ni ó gbòde. Lẹ́tà é, è àti à wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ɛ àti ɔ, tí a fi ń kọ Yorùbá níbẹ̀, kò sí, ìdí nìyí tí ẹni tí ń kọ èdè abínibí fi ń wá ìtò mìíràn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: kí a tó yan ìtò, ara kíbọ́ọ̀dù ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kíbọ́ọ̀dù orí tábìlì ti Yúróòpù a máa ní bọ́tìnnì 105, ti Amẹ́ríkà 104. Èyí tí ó dín ni bọ́tìnnì kékeré tí ń bẹ láàárín Shift òsì àti W ti AZERTY. Ibẹ̀ gan-an ni ìtò mìíràn tí ń jẹ́ BÉPO, tí ó wọ inú ìlànà AFNOR, àjọ tí ń gbé ìlànà kalẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 2019, fi ê sí. Lórí kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà, a óò wá bọ́tìnnì náà tì. Ẹni tí yóò bá rà, kí ó ka bọ́tìnnì kí ó tó sanwó.