Jẹjẹrẹ Iṣan Ọmọdé: Nígbà tí Títètè Rí I Kò Dín Ikú Kù

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ohun tí gbogbo wa gbà nípa jẹjẹrẹ nìyẹn: ẹni tó bá tètè rí i ni yóò bọ́. Ìtàn neuroblastoma, jẹjẹrẹ tí kò wọ́pọ̀ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú iṣan ọmọ kékeré, fi hàn pé kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Ní 1901, William Pepper ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ní kókó lókè kíndìnrín, tí ẹ̀dọ̀ wọn sì wú. Ní 1907, Robert Hutchison ní London kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí irú kókó bẹ́ẹ̀ ti ràn dé agbárí wọn. Ó jọ àrùn méjì. James Homer Wright ní Boston ló rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n, pé inú sẹ́ẹ̀lì iṣan tí kò tíì gbó ni wọ́n ti ń wá. Ní 1910 ló sọ ọ́ ní neuroblastoma.

Orúkọ kan, ìwà méjì. Audrey Evans, dókítà ọmọdé ní Philadelphia, ṣàkíyèsí pé lára àwọn ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún kan, kókó náà lè pòórá fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Nígbà tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àrùn náà sí ìpele ní 1971, wọ́n ya àwọn ọmọ wọ̀nyí sọ́tọ̀.

Kókó yìí máa ń fi àmì sílẹ̀ nínú ìtọ̀. Nítorí náà, ní àárín àwọn ọdún 1980, Japan bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìtọ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà wò káàkiri orílẹ̀-èdè. Iye ọmọ tí wọ́n rí àrùn náà lára wọn lọ sókè gan-an. Ṣé ikú dín kù? Canada àti Jámánì dán irú àyẹ̀wò yìí wò. Èsì wọn jáde ní 2002: ikú kò dín kù. Èyí tí ì bá pòórá fúnra rẹ̀ ni àyẹ̀wò ń rí jù. Èyí tó ń pani sábà máa ń yọjú lẹ́yìn náà. Àwọn ọmọ kan ti gba iṣẹ́ abẹ àti oògùn líle tí wọn kò nílò. Japan dá àyẹ̀wò náà dúró ní 2004.

Lónìí, dókítà á kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí ọmọ, ibi tí àrùn dé, àti bí àbùdá MYCN ṣe rí nínú kókó náà. Wọ́n lè máa ṣọ́ ọmọ ọwọ́ kan lásán; òmíràn á gba oògùn, iṣẹ́ abẹ àti ìtànṣán.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ọmọ tí ikùn rẹ̀ ń le tàbí tí ojú rẹ̀ ń wú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Ìyẹn yàtọ̀ sí wíwá àrùn kiri lára ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe.