Bẹntiróò Nínú Ọ́ìlì: Ìtàn Iye Máìlì Tí Wọ́n Ń Dá fún Ọ́ìlì Ọkọ̀

Iye máìlì tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè rìn kí wọ́n tó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nù ti ń lọ sókè sódò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, bí èèyàn bá sì yẹ ìdí rẹ̀ wò, yóò rí i pé dídára ọ́ìlì nìkan kọ́ ló ń pinnu iye náà, bí kò ṣe bí bẹntiróò tó ń wọ inú ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, bẹntiróò tó ń wọ sílíńdà, ìyẹn ihò róbótó tí písítìnì ti ń lọ tó ń bọ̀, máa ń ju èyí tó lè jóná tán lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù á lẹ̀ mọ́ ògiri sílíńdà, á gba ẹ̀gbẹ́ rìngì písítìnì sọ̀ kalẹ̀, á sì dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀. Ọ́ìlì náà á wá dà bí ẹmu tí wọ́n bu omi là: ó pọ̀ sí i lójú, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń ya irin sọ́tọ̀ kúrò lára irin ti dín kù. Bí ọkọ̀ bá rìn jìnnà tí ẹ́ńjìnnì sì gbóná dáadáa, púpọ̀ nínú bẹntiróò náà á di oru, á sì jáde. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé ìrìn kúkúrú ló ń rìn nínú òtútù ni ìyà náà ń jẹ jù.

Amẹ́ríkà ni ọ̀ràn yìí ti kọ́kọ́ di wàhálà ńlá. Ford Model T, tí wọ́n ṣe láti 1908 sí 1927, kò ní pọ́ǹpù ọ́ìlì, kò sì ní fílítà. Àwọn irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń ta ọ́ìlì káàkiri. Láàárọ̀ ọjọ́ òtútù, awakọ̀ ní láti fa ṣóòkù, èyí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nínú kabúrétọ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ àti bẹntiróò ti ń dà pọ̀, kí bẹntiróò lè pọ̀ sí i nínú àdàlù tó ń lọ sínú sílíńdà. Nígbà tí Cadillac sì fi ẹ̀rọ oníná mànàmáná tí Charles Kettering ṣe fún títan ẹ́ńjìnnì sínú ọkọ̀ rẹ̀ ti 1912, tí yíyí ọwọ́ irin níwájú ọkọ̀ kò pọn dandan mọ́, ó rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti tan ọkọ̀ nígbà òtútù kó sì tún pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Bẹntiróò fúnra rẹ̀ náà sì ń yí padà. Ní 1913, William Burton gba ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ń lo ooru àti ìfúnpá láti fọ́ àwọn apá tó wúwo nínú epo rọ̀bì sí wẹ́wẹ́, èyí tó mú kí bẹntiróò tí wọ́n ń rí nínú àgbá epo rọ̀bì kan tó bí ìlọ́po méjì. Síbẹ̀, ọkọ̀ ń pọ̀ ju epo lọ, àwọn ilé ìfọpo sì ń jẹ́ kí àwọn apá tó wúwo díẹ̀ wà nínú bẹntiróò tí wọ́n ń tà, bẹ́ẹ̀ irú apá bẹ́ẹ̀ kì í tètè di oru, inú ọ́ìlì ló sì ń já sí.

Ní àwọn ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀ràn ìwọ̀n dara pọ̀ mọ́ àwọn elépo àti àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ láti wádìí irú bẹntiróò tí yóò gbé ọkọ̀ jìnnà jù lọ láti inú àgbá epo rọ̀bì kan, bí bẹntiróò ṣe ń la ọ́ìlì sì wà lára ohun tí wọ́n wò. Máìlì 500 sí 1,000 péré ni ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ ìgbà náà dá fún ọ́ìlì. Iye yìí lè ya awakọ̀ òde òní lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí àṣejù kankan nínú rẹ̀.

Fílítà tí Ernest Sweetland ṣe ní 1923, tí Chrysler fi sínú ọkọ̀ rẹ̀ ti 1924, kò yanjú ìṣòro yìí, nítorí ìdọ̀tí ni fílítà ń mú. Bẹntiróò tó ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ń gba inú rẹ̀ kọjá ni. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni ooru àti afẹ́fẹ́: tọmọ́sítáàtì, tí kì í jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnnì dé inú rédíétọ̀ àfìgbà tó bá gbóná, àti páìpù tó ń jẹ́ kí oru jáde láti inú ẹ́ńjìnnì sí ojú títì. Àfi pé oru náà ń ba afẹ́fẹ́ ìlú jẹ́, èyí ló sì fà á tí àwọn ọkọ̀ ti 1961 ní California fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà sínú ẹ́ńjìnnì láti jóná.

Àpẹẹrẹ tó gbayì jù lọ nínú ìtàn yìí wá láti Jámánì. Mercedes-Benz 300SL ti 1954, ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń wò tìyanutìyanu, ń fọ́n bẹntiróò tààrà sínú sílíńdà, kò sì lo kabúrétọ̀. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí pọ́ǹpù tó ń fọ́n epo náà, nítorí náà bí awakọ̀ bá tilẹ̀ pa iná, pọ́ǹpù á ṣì máa fọ́n bẹntiróò títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dúró pátápátá, bẹntiróò tí kò jó yìí á sì fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Èyí tó tún burú sí i ni pé ọ́ìlì ọkọ̀ náà pọ̀ gan-an, ó sì ní ẹ̀rọ ńlá tó ń mú un tutù, nítorí eré ìje ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní ìrìn inú ìlú, ọ́ìlì náà kì í gbóná tó láti lé bẹntiróò jáde. Máìlì 1,000 ni wọ́n dá fún ọ́ìlì rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n fi mú kí ẹ́ńjìnnì lágbára ni ó sọ ọ́ìlì rẹ̀ di aláìlera.

Ojú irin ló kọ́kọ́ fi hàn pé èèyàn lè yẹ ọ́ìlì wò dípò kó kàn máa ka máìlì. Ní nǹkan bí 1946, ilé-iṣẹ́ ojú irin Denver and Rio Grande bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ́ìlì tó jáde lára ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wò láti mọ irin tó ń gbó nínú rẹ̀. Fún epo tó wọ ọ́ìlì, àmì méjì ló ṣe pàtàkì: kí ọ́ìlì ṣàn ju bó ṣe yẹ lọ, àti kí oru rẹ̀ tètè gbiná ju ti ọ́ìlì tuntun.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ kabúrétọ̀, tí bẹntiróò ń wọlé níwọ̀nba, máìlì 3,000 tó ti mọ́ àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà lára di ohun tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò nílò mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń fi pípààrọ̀ ọ́ìlì jẹun kò yára gbàgbé rẹ̀. Ní ilé ìwádìí General Motors, Shirley Schwartz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò fi máa ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yí àti bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó, kó lè sọ fún awakọ̀ ìgbà tó yẹ kó pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ Oldsmobile kan, tí General Motors ṣe, ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1988. Ẹni tó ń rìn jìnnà ní ojú títì gbóná-gbóná á ní máìlì púpọ̀, ẹni tó ń rìn kúkúrú nínú òtútù á ní díẹ̀.

Ṣùgbọ́n àṣà 300SL tún padà wá. Láti 1996 tí Mitsubishi ti ń ta ẹ́ńjìnnì oníkọ̀ǹpútà tó ń fọ́n bẹntiróò tààrà sínú sílíńdà, tí àwọn mìíràn sì fi túbò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, kún un láìpẹ́, bẹntiróò tún ń lẹ̀ mọ́ ògiri sílíńdà. Ní 2018, Honda dá títa CR-V kan dúró ní Ṣáínà nítorí pé ọ́ìlì rẹ̀ ń pọ̀ sí i nínú òtútù ìhà àríwá, dípò kó máa dín kù.

Kò sí irú òtútù bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìrìn, wà lára ohun tí ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kà sí ìlò líle, tó sì dá máìlì kékeré fún. Kí onímọ́tò máa yọ gáájì ọ́ìlì wò: bí ọ́ìlì bá gòkè kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀, tí òórùn bẹntiróò sì ń jáde lára rẹ̀, kó pààrọ̀ rẹ̀, kó sì ní kí mẹkáníìkì wo àwọn ohun tó ń fọ́n epo, bí iye máìlì tí wọ́n dá kò bá tilẹ̀ tíì pé.