Ọ̀ràn Ikú Kan ní Àkóbọ̀

Pàǹtí ní Yábàá, níbi tí kò jìnnà sí ọjà Tẹ́júoṣó, ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Èkó ti ń wádìí ìpànìyàn, títí kan èyí tí owú bá bí láàárín tọkọtaya. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ti di àwíìgbọdọ̀má-wìí fún àwọn amòfin.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2016, a gún ọkùnrin kan pa nílé rẹ̀ ní Àkóbọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni a mú. Àwọn ìwé ìròyìn wí pé ọmọ tí ọkọ náà bí sọ́dọ̀ obìnrin mìíràn ni ó dá ìjà sílẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba sì ni ìyàwó yìí: ẹ̀ka tí ń pe apànìyàn lẹ́jọ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gan-an ni ó ti ń jẹun! Ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó wá fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án, ẹ̀sùn tí ikú ni ìjìyà rẹ̀.

Owú lè sọ ìdí tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀. Kò lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó di ọ̀bẹ mú. Ní ọjọ́ 27 oṣù Bélú ọdún 2017, Adájọ́ Àgbà Abímbọ́lá dá a lẹ́bi ìpànìyàn tí kò tó èyí tí à ń torí rẹ̀ dájọ́ ikú. Ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni ó gbà.