Kí Ojúlówó Tó Tán: Ìtàn Chip Tí Wọ́n Tún Dá

  Ìtàn tòní kan àwa tá à ń ta tòkunbọ̀ àti spare part, àmọ́ ẹ̀yin aláṣọ náà, ẹ fetí sí i.

Lọ́dún 1982, iléeṣẹ́ Commodore ní Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà Commodore 64 jáde. Chip kan wà nínú ẹ̀ tó ń mú orin jáde, SID ni wọ́n ń pè é. Bob Yannes ló ṣe é. Commodore wọ gbèsè, ó kógbá sílé lọ́dún 1994, àmọ́ àwọn olórin ò yéé wá SID kiri. Iléeṣẹ́ Elektron ní Sweden kó èyí tó ṣẹ́ kù jọ, wọ́n fi ṣe dùùrù oníná kan, SidStation. Nígbà tí chip tán, iṣẹ́ náà dúró.

Ẹ ṣáà mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e tí ọjà bá wọ́n. Ayédèrú dé! Wọ́n á ha orí chip míì, wọ́n á tẹ orúkọ SID sí i.

Ọ̀nà àbáyọ ti ń bọ̀ láti 1985. Ọdún yẹn ni iléeṣẹ́ Xilinx, tí Ross Freeman wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, gbé chip kan jáde tí kò ní iṣẹ́ kan pàtó. FPGA ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Ẹ wò ó bíi plaza tí ilẹ̀kùn wà láàárín gbogbo ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ bá ṣí àtèyí tẹ́ ẹ bá tì ló máa pinnu ibi téèyàn máa gbà. Lọ́la, ẹ lè tún un tò. Ti àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù 64 péré. Tòní ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Inú irú chip bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tún SID dá. Èyí tí wọ́n ń pè ní FPGASID, ojú ihò SID gan-an lẹ máa kì í bọ̀. Àmọ́ ibì kan le: asẹ́ ohùn. SID méjì látinú iléeṣẹ́ kan náà kì í dún bákan náà délẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún un dá ní láti fetí sí ojúlówó, kó wọ̀n ọ́n. Tí ojúlówó bá ti tán pátá, kí ló máa wọ̀n?

Lọ́dún 2024, iléeṣẹ́ Zilog ní àwọn ò ní gba order Z80 mọ́, chip tó ti wà lọ́jà láti 1976. Àwọn kan ti kọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ fún FPGA tipẹ́, kó tó di pé ó tán.

Ní Banex níbí, inú fóònù tó ti kú làwọn èèyàn wa ti ń yọ chip. Ọgbọ́n ẹ̀, orí ọ̀gá ló wà. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá relé ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ń ta chip ogójì ọdún fún yín ní "brand new", ẹ bi í níbi tó ti rí i kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọjà á tà o.