Ilé Ṣíwájú Ọ̀nà: Ayọ̀bọ̀ Nínú Ìtàn Ètò Ìlú Èkó

Nínú ìtẹ̀dó àwọn ìlú wa àtijọ́, ọ̀nà kì í gbẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo Ọ̀yọ́, Iléṣà tàbí Ìjẹ̀bú-Òde yóò rí i pé ààfin àti ọjà ọba ni wọ́n fi ṣe ìdí. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà lọ sí ẹnubodè, tí agboolé sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀bá odò, akúrọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. N kò sọ èyí láti fi ayé àtijọ́ ṣe ọ̀run rere o. Àwọn ìlú wọ̀nyẹn náà ní ìṣòro tiwọn. Mo sọ ọ́ nítorí pé ní Ayọ̀bọ̀, ní ìpẹ̀kun Alímòṣọ́, níbi tí ìpínlẹ̀ Èkó ti pààlà pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Ògùn, ètò náà ti dorí kodò. Ilé ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀nà, iná àti gọ́tà wá ń sáré tẹ̀ lé e, wọn kò sì tíì lé e bá.

Àwọn kan a máa di ẹ̀bi èyí ru ọmọ onílẹ̀. Àwọn mìíràn a ní ìwàǹwara àwọn tó ń ra ilẹ̀ ló fà á. Ìdáhùn méjèèjì kúrú jù. Àárín gbùngbùn Èkó gan-an ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri kọ lu Èkó. Ìjọba amúnisìn wò ó pé ilé tó há gádígádí ló ń ràn án lọ́wọ́, nígbà tó sì di 1928, wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí L.E.D.B. sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ẹnu kò lè sọ tán bẹ̀rẹ̀ ní 1955: wọ́n gé nǹkan bí 70 éékà láàárín Èkó fún wíwó, wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Súrùlérè. Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ bá àwọn tí wọ́n kó lọ àti àwọn tó ṣẹ́ kù sọ̀rọ̀. 1961 ni ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde. Ilé Súrùlérè mọ́ tónítóní, ó sì gbayì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tó kó lọ síbẹ̀ kò rí oníbàárà rẹ̀ mọ́, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè ọjà, ẹbí tó ti ń gbé pọ̀ nínú agboolé kan náà sì fọ́n ká. Ní tèmi o, ibí yìí ni ìjọba ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀nà jíjìn yanjú ọ̀rọ̀ ilé, tí ìnáwó ọ̀nà náà sì di ẹrù ẹni tí a kó jìnnà.

Ayọ̀bọ̀ àti Ìpájà ṣì jẹ́ oko àwọn Àwórì nígbà náà. Agége tó múlé gbè wọ́n ti di ìlú, nítorí rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896, tó dé Ìbàdàn ní 1901, gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande di gómìnà ní 1979, ìjọba rẹ̀ kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù káàkiri, Abẹ́sàn ní Ìpájà sì wà lára wọn. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ilé àdúgbò yìí kì í ṣe ti ìjọba. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Lórí ìwé nìyẹn. Lórí ilẹ̀ gan-an, ẹbí ló ń tà. Ẹni tó ń ta púlọ́ọ̀tì kò ní í la ọ̀nà, ẹni tó yẹ kó la ọ̀nà kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti tà.

Jakande mọ̀ pé ilé láìsí ọkọ̀ kò pé. Ní 1983 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ìgboro lélẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ yóò gùn ní kìlómítà 28.5. Kí ọdún náà tó parí, ológun gbàjọba. Nígbà tó di 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé e. Owó tó bá a rì lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là. Irin náà kò ní í dé Ayọ̀bọ̀, ó yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbá ti di egungun ẹ̀yìn tí àwọn ìlú tuntun ì bá máa so mọ́. Dípò rẹ̀, mólùé àti dánfó ni Èkó fi ń nà tàntàn. Ọdún 38 lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní 2023, Buhari yìí kan náà ló wá ṣí ọkọ̀ ojú irin Marina sí Mile 2. Mo mọ̀ pé àwọn kan rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Láàárín àkókò yẹn, Alímòṣọ́ ti kún. Ìkànìyàn 2006 ka 1,277,714. Ìpínlẹ̀ Èkó ní iye tòun jẹ́ 2,047,026. Èyí ó wù kó jẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni Òfin Orílẹ̀-èdè mọ̀ síbẹ̀. Ayọ̀bọ̀-Ìpájà tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2003 kò sí nínú àwọn 774 tí òfin náà kà.

Iná mànàmáná wá ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ń tàn. Epo pẹtiróòlù tó ń wa dánfó, òun náà ló ń tan iná, nítorí náà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ lórí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí gálọ́ọ̀nù sì fò sókè lójú ẹsẹ̀, ẹni tó ń gbé ìpẹ̀kun ìlú sanwó náà lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́nu ọ̀nà àti nínú yàrá. Akúrọ̀ ni púlọ́ọ̀tì tó rọjú, ibẹ̀ ni apá tálákà ká. Afẹ́fẹ́ tó móoru a sì máa gbé omi púpọ̀ sí i, òjò ńlá a wá máa le sí i. Òjò ọjọ́ kẹwàá oṣù keje 2011 pa ènìyàn ní Èkó, kò sì tó ọjọ́ kan tó fi rọ̀.

Ohun kan yí padà ní oṣù kẹta 2023, tí a kò sọ tó bó ti yẹ. Àtúnṣe Òfin Orílẹ̀-èdè tí wọ́n buwọ́ lù nígbà náà fún ìpínlẹ̀ láṣẹ lórí rélùwéè àti lórí iná, àní níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ wà. Èkó ṣe òfin iná tirẹ̀ ní 2024. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Agbádò sí Òyìngbò. Ó ń dúró ní Agége, ẹni tó ń bọ̀ láti Ayọ̀bọ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ débẹ̀. Ilẹ̀ ti wà lọ́wọ́ gómìnà láti 1978, gọ́tà náà sì wà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àṣẹ lórí ilẹ̀, irin, iná àti omi yóò pàdé ní Aláùsá. Akúrọ̀ ṣì kù ní Ayọ̀bọ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí, kò sì tíì hàn bóyá ẹni tó ń wọn gọ́tà àti ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀, tàbí ẹni tó ń wọn púlọ́ọ̀tì.