Owó-Orí Ilé: Láti Festac 1977 dé Òfin 2001

Ní 1977, àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú wọ̀ sí ilé tuntun tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí Festac, ní agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Àlejò lọ, onílé dé. Òfin ìpìlẹ̀ 1979 fi owó-orí ilé sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní 2001, ìpínlẹ̀ Èkó pa á pọ̀ mọ́ owó ilẹ̀, ó di Land Use Charge. Bí ọjọ́ 45 bá kọjá láìsan án, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún gorí i. Ó di 50, ó di 100. Lẹ́yìn ọjọ́ 135, ìjọba lè gba àkóso ilé náà. Òfin 2020 dín ìtanràn kù, kò pa á rẹ́. Ẹni tó fi ìwé owó-orí sábẹ́ ẹní kò pa gbèsè. Ńṣe ló ń bọ́ ọ.