Àbójútó ipò cluster Amazon Redshift

Àbójútó ipò cluster Amazon Redshift ni iṣẹ́ mímọ̀, nígbàkígbà, bóyá àkójọ kọ̀ǹpútà tí ilé ìpamọ́ dátà kan ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà lẹ́nu iṣẹ́, bóyá ara rẹ̀ le, àti bóyá ààyè ṣì kù nínú rẹ̀. Ilé ìpamọ́ dátà yàtọ̀ sí dátábéèsì tí ilé ìtajà tàbí báǹkì fi ń ṣe káràkátà ojoojúmọ́. Inú ilé ìpamọ́ dátà ni wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ọdún pípẹ́ jọ sí, kí wọ́n lè máa bèèrè ohun ńláńlá lọ́wọ́ rẹ̀, irú bí iye tí ọjà kọ̀ọ̀kan mú wọlé lóṣooṣù láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Iléeṣẹ́ Amazon kéde Redshift, tí í ṣe irú ilé ìpamọ́ bẹ́ẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo oníbàárà ní oṣù kejì ọdún 2013. Orí dátábéèsì PostgreSQL 8.0.2 àti ìmọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ParAccel ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Oníbàárà kì í fojú kan ẹ̀rọ tó ń sanwó lé lórí. Ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà tí Amazon bá fi ránṣẹ́ ni yóò fi mọ bí nǹkan ṣe ń lọ.

Ohun tó wà nínú cluster

Node ni wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan nínú cluster. Cluster ńlá a máa ní node olórí kan àti àwọn node òṣìṣẹ́. Node olórí ló ń gba ìbéèrè, òun ló ń pète bí wọn yóò ṣe dáhùn rẹ̀, òun náà ló sì ń kó èsì jọ fún ẹni tó béèrè. Àwọn node òṣìṣẹ́ ló ń ṣe ìṣírò lórí dátà tí wọ́n pín láàrin ara wọn. Bí ìpín náà kò bá dọ́gba, node kan á máa làágùn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sinmi. Ẹni tó bá wo ìpíndọ́gba CPU gbogbo cluster nìkan lè rò pé kò sí wàhálà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń wo òdiwọ̀n node kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ ipò

Redshift a máa fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú kan sọ ipò tí cluster wà. Ẹni tó bá ṣí ojú ìwé ìṣàkóso yóò rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ cluster. Àwọn ẹnjiníà tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ a máa lo àṣẹ aws redshift describe-clusters, tí yóò dá ọ̀rọ̀ náà padà lábẹ́ ClusterStatus.

Available ló wọ́pọ̀ jù: cluster ti dúró, ó ṣeé lò. Creating, modifying, rebooting, renaming àti deleting ń sọ iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́. Sùúrù ni wọ́n gbà. Resizing túmọ̀ sí pé wọ́n ń yí iye node tàbí irú rẹ̀ padà. Paused ni ti cluster tí olówó rẹ̀ dá dúró fúngbà díẹ̀. Ọdún 2020 ni àǹfààní yìí dé, owó ibi ìpamọ́ nìkan ni oníbàárà sì ń san títí yóò fi tún jí i.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kò ṣeé wò níran. Storage-full ń sọ pé ibi ìpamọ́ ti kún dẹ́nu. Àfi kí wọ́n fi node kún un tàbí kí wọ́n mú irú èyí tó tóbi jù. Incompatible-network ń sọ pé ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí cluster gbára lé kò bá a mu mọ́. Hardware-failure, tó ń sọ pé ẹ̀rọ kan ti bàjẹ́, ló le jù. Bí cluster bá ní ju node kan lọ, Redshift lè fi òmíràn rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Bó bá jẹ́ node kan ṣoṣo ni, kò sí ìrọ́pò: inú ẹ̀dà ìpamọ́ ni wọn yóò ti gbé cluster dìde padà. Redshift fúnra rẹ̀ a máa ṣe ẹ̀dà yìí ní wákàtí 8 síra tàbí nígbà tí GB 5 dátà bá ti yí padà lórí node kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ọjọ́ 1 péré ló ń pa á mọ́ bí oníbàárà kò bá yí ètò náà padà, ó sì lè fà á dé ọjọ́ 35.

Àwọn òdiwọ̀n

Available kò sọ pé ara dá. Ilé epo lè ṣí sílẹ̀ kí ọkọ̀ sì tò títí dé òpópónà. Iṣẹ́ CloudWatch, tí í ṣe ti Amazon náà, ló ń gba òdiwọ̀n tó ń tú àṣírí bẹ́ẹ̀.

HealthStatus ni àkọ́kọ́. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, cluster a gbìyànjú láti wọ inú dátábéèsì ara rẹ̀, a sì bi í ní ìbéèrè kékeré kan. Bí èsì bá wá, nọ́ńbà 1 ni yóò kọ sílẹ̀. Bí kò bá wá, 0 ni. Iṣẹ́ àṣejù tàbí ètò tó wọ́ lè fa 0. MaintenanceMode ló ń fi hàn bóyá inú àkókò àtúnṣe ni cluster wà. Lẹ́yìn wọn ni CPUUtilization, tó ń wọn bí CPU ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, DatabaseConnections, tó ń ka iye ìsopọ̀ sí dátábéèsì, àti WLMQueueLength, tó ń ka iye ìbéèrè tó ń dúró de àyè.

PercentageDiskSpaceUsed, tó ń sọ ìdá ààyè dísìkì tó ti kún, gba àkíyèsí pàtàkì. Bó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, dátà ló ń pọ̀ sí i. Bó bá fò sókè lójijì tó sì tún balẹ̀, ìbéèrè kan tí wọ́n kọ láìdáa ló sábà máa ń fà á: ó so tábìlì ńlá méjì pọ̀ láìsí ààlà, èsì àárín rẹ̀ sì kún orí dísìkì kó tó parí tàbí kó tó kú. Wọ́n lè tọpa irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú àwọn àkọsílẹ̀ STL ti Redshift fúnra rẹ̀, tó ń fi nǹkan bí ọjọ́ 7 pamọ́. CloudWatch ní tirẹ̀ ń pa òdiwọ̀n ìṣẹ́jú kan mọ́ fún ọjọ́ 15, ti ìṣẹ́jú 5 fún ọjọ́ 63, ti wákàtí kan fún ọjọ́ 455.

Ìkìlọ̀ àti àkókò àtúnṣe

Wọ́n lè ní kí CloudWatch kìlọ̀ nígbà tí òdiwọ̀n bá kọjá ààlà, bí àpẹẹrẹ bí ààyè dísìkì bá kún dé ìdá 80 nínú 100. Iṣẹ́ SNS ti Amazon ni yóò gbé ìkìlọ̀ náà lọ sórí ímeèlì tàbí fóònù. Ọ̀nà kan náà ni Redshift ń gbà ròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ bí àtúntàn, àyípadà ètò àti ọ̀ràn ààbò.

Cluster kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, ìṣẹ́jú 30 lọ́sẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Aago UTC ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bí àpẹẹrẹ, aago 22:00 UTC jẹ́ agogo mẹ́wàá alẹ́ ní Lomé, ṣùgbọ́n agogo mọ́kànlá alẹ́ ni ní Èkó àti Kùtọnu. Ẹni tó bá gbàgbé ìyàtọ̀ wákàtí kan yìí lè to iṣẹ́ òru rẹ̀ sí àárín àtúnṣe gan-an.

Redshift Serverless

Ní oṣù keje ọdún 2022, Amazon ṣí Redshift Serverless fún gbogbo ènìyàn. Lórí rẹ̀, oníbàárà kò ní cluster tí yóò máa ṣọ́; RPU ni wọ́n fi ń wọn agbára ìṣírò tó lò, òun náà ni wọ́n fi ń gba owó rẹ̀. Iye RPU àti bí ìbéèrè ṣe ń pẹ́ tó ni àwọn tó ń lò ó ń bójú tó. Àwọn ọ̀rọ̀ ipò tí a kà sókè yìí ṣì wúlò fún gbogbo ẹni tó bá ń lo cluster.